Mísítà Jáyáǹtì ga tó òpó iná

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo tan òun jẹ: fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ò dáa. Kò dáa rárá ni. Ohùn ò bá ẹnu mu, ìjà kan ò tíì tán tí òmíì á ti bẹ̀rẹ̀, o ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà gan-an, àfi kó o ṣáà máa wò ó lọ. Mo ti wò ó tó ìgbà ogójì báyìí. Tí wọ́n bá gbé e síwájú mi lálẹ́ yìí màá tún wò ó, màá sì bá ẹni tó bá ń pariwo sí mi létí jà.

Fíìmù amí ni. For Y'ur Height Only lorúkọ ẹ̀, ilẹ̀ Philippines ni wọ́n ti ṣe é ní 1981, ọdún yẹn náà ni For Your Eyes Only ti James Bond jáde, ẹ̀yin náà ẹ rí ibi tí wọ́n ti jí orúkọ. Eddie Nicart ló darí ẹ̀, inú iṣẹ́ àwọn tó ń bá òṣèré jábọ́ láti orí òrùlé, tó ń bá wọn gba ẹ̀ṣẹ́, lọ̀gá yẹn ti wá, ó jọ pé ìdí nìyẹn tí ìjà fi pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ nínú ẹ̀. Amí ọ̀hún, Agent 00, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Weng Weng ló ṣe é. Àràrá ni. Kì í tún ṣe irú àràrá tá a máa ń rí lágbo eré tí orí ẹ̀ á kan àyà èèyàn o, sẹ̀ńtímítà 83 péré ni. Tó bá dúró sẹ́yìn tábìlì ìjẹun yín, iwájú orí ẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Òun ni wọ́n ní kó lọ gba ayé là lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn jàǹdùkú kan tó ń jẹ́ Mr. Giant, tí wọ́n jí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan gbé nítorí bọ́ǹbù. Ó sì gbà á là. Ẹ má sọ pé mo ti ba fíìmù jẹ́ fún yín, ṣé ẹ rò pé kò ní gbà á là tẹ́lẹ̀ ni?

Bó ṣe dé ilé wa ní Mólípa, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ máa gbọ́. Ọdún June 12 ni, 1993. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà yẹn á rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò ọjọ́ yẹn, ńṣe ni gbogbo nǹkan dẹnu kọlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ́de lónìí, ìyanṣẹ́lódì lọ́la, epo ò sí, àwọn àgbà á kóra jọ sídìí rédíò wọn á máa mí kanlẹ̀. Àwa ọmọdé ò mọ ohun tó ń bí wọn nínú, a kàn mọ̀ pé ọlidé ti gùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Àárín rògbòdìyàn yẹn ni àbúrò bàbá mi tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀ là ń pè é, wálé, ó kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́fà sínú báàgì kan, omi ti ba márùn-ún jẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀kẹfà ò ní páálí, ẹnì kan kàn fi báírò kọ AMÍ sí i lára.

A ò ní ẹ̀rọ fídíò nílé. Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà tó wà ní yàrá iwájú ló ní, kò sì kúkú jẹ́ tiẹ̀, ẹnì kan gbé e wá fún un láti tún ṣe ni, ẹni yẹn ò wá gbé e mọ́, ó sì ti pé ọdún méjì. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá wọnú ẹ̀ báyìí, ó máa kọ́kọ́ lọ̀ bí ọlọ fún bí ìṣẹ́jú kan, Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà á yọ ọ́, á ṣí ìdérí, á fi pépà tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà yẹn ló máa tó gbà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a fẹ́ ẹ. Tí ìwọ bá fẹ́ ẹ, itọ́ ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Epo jẹnẹrétọ̀ ò sí, nítorí náà ìgbà tí NEPA bá fẹ́ la máa ń wò ó. Ó lè jẹ́ aago méjì òru. Igbe "Wọ́n ti mú un wá!" ò ní tíì tán ládùúgbò tí gbogbo wa á ti jókòó sí pálọ̀ wa, ẹlòmíì pẹ̀lú gààrí nínú kọ́ọ̀pù, gààrí tiwa tó kan létí yẹn, omi tútù, ẹ̀pà, ó tán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wo Weng Weng lálẹ́ mọ́jú láàárín oṣù mélòó kan, ó sì dé ibi tó jẹ́ pé tí iná bá lọ ní agbede méjì, a máa ń sọ ìyókù lẹ́nu nínú òkùnkùn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ gan-an nìyí, kì í ṣe fíìmù yẹn fúnra ẹ̀, bí kò ṣe ohun tí àwọn èèyàn mi rí nínú ẹ̀. Nítorí mo ti ka ohun tí àwọn alárìíwísí Òyìnbó kọ nípa ẹ̀, gbogbo wọn ń sọ pé ó burú débi tó fi dùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó burú nílé wa. Wọ́n mú un lọ́kùn-únkúndùn bí ẹni tí wọ́n pè sí ìgbìmọ̀.

Ẹ mú Bọ̀ọ̀dá Télọ̀. Iṣẹ́ aṣọ ọkùnrin ló ń ṣe, súùtù àti dàńṣíkí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sí Òkè-Ajé. Ìjà ò kàn án, obìnrin inú fíìmù ò kàn án, súùtù funfun tí Weng Weng wọ̀ nìkan ló ń wò. Ó ní ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ̀ ń wò. Ó ní tó o bá mú aṣọ ọmọdé fún ẹni tó kúrú bẹ́ẹ̀ kò lè bá a mu láéláé, torí ọrùn àgbàlagbà yàtọ̀, èjìká yàtọ̀, apá ò gùn bó ṣe yẹ kó gùn, àfi kó o jókòó gé e lọ́tọ̀, ọrùn ẹ̀ lọ́tọ̀, ihò apá ẹ̀ lọ́tọ̀. "Ẹ wo èjìká! Ẹ bá mi dá a dúró!" Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà á dá a dúró, àwòrán á máa gbọ̀n, ìlà funfun á gba àárín Weng Weng kọjá, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ á sún mọ́ tẹlifíṣàn títí imú ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Kò dìde, kò ṣùpọ̀. Ọwọ́ ọ̀gá lèyí." Lálẹ́ ọjọ́ kan ó yọ téèpù tó máa ń wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà gbogbo, ó fi wọn férémù ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀, ó ní ibi tí ọkùnrin yìí ga mọ nìyẹn, ínṣì 34, òun ò ní láti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kóun tó mọ̀. Téèpù télọ̀ ínṣì 60 ni o. Ìdajì téèpù àti díẹ̀ lé ni amí wa. Ṣọ́ọ̀kì yẹn wà lára férémù yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa ọmọdé máa ń dúró tì í láti wò ó bóyá a ti ga ju Agent 00 lọ, gbogbo wa la sì ga jù ú lọ, títí kan àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmú. Ó máa ń yà mí lẹ́nu nígbà yẹn. Tá a bá ti wà níwájú tẹlifíṣàn, mi ò rò ó rí pé mo ga jù ú lọ.

Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ní tiẹ̀, irinṣẹ́ ni. Ọ̀gá Weng Weng kó oríṣiríṣi nǹkan fún un, ìgò ojú tó ń rí abẹ́ aṣọ (ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fọwọ́ bo àwa ọmọdé lójú, a dẹ̀ ń rí i láàárín ìka), fìlà tó ń fò lọ bá ọ̀tá bí abẹ, àti ẹ̀rọ kan tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tó fi ń fò lójú ọ̀run. Lórí ẹ̀rọ tó ń fò yìí, ó kù díẹ̀ kí ẹbí tú ká. Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀ ní okùn ni wọ́n fi so ó, òun rí okùn. Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ní okùn wo, ta ló rí okùn, ṣé ojú tó ń wo agbami òkun ló wá mọ okùn, gáàsì ni, gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú sìlíńdà, tó o bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà á gbé èèyàn, pàápàá èèyàn tí ò wúwo, ìyẹn ni wọ́n ṣe lo àràrá! Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin yìí ti fi ọgbọ́n orí dáhùn ìbéèrè tí àwọn tó ṣe fíìmù náà ò bi ara wọn rí.

Kò fi mọ sẹ́nu. Ó ra akẹtẹ̀ kan, ó fi wáyà so abẹ ìfárí mẹ́jọ mọ́ etí ẹ̀, ó ní òun fẹ́ dán an wò lára igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé. Akẹtẹ̀ yẹn ò wo ọ̀nà ìbẹ́pẹ rárá. Ó gba orí ògiri lọ sórí òrùlé aládùúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó lè lọ sọ fún wọn pé ẹ jọ̀ọ́ a fẹ́ mú fìlà wa tó lábẹ lórí òrùlé yín. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà ńbẹ̀.

Èmi náà ò wulẹ̀ ní ẹnu àtifi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí Weng Weng bẹ́ látorí ilé gíga kan nínú fíìmù yẹn, agbòòrùn ló fi sọ̀kalẹ̀, mo sì gbé agbòòrùn tí Màámi fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gun ògiri. Agbòòrùn yẹn yíjú padà kí n tó débi kankan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi òrí wọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ń wá ṣàlàyé fún mi pé àṣìṣe mi ni pé mo wúwo ju Weng Weng lọ.

Màámi ńkọ́? Màámi kì í jókòó wò ó. Ìdáná ló máa ń wà, á wọlé pẹ̀lú àwo òjòjò gbígbóná, "wẹ kú ìjókòó o," á dúró, á ju ojú sí tẹlifíṣàn fúngbà díẹ̀. Orúkọ Weng Weng ò yé e, Wẹ́wẹ́ ló gbọ́, Wẹ́wẹ́ ló sì ń pè é títí dòní, kò sí orúkọ tó tún lè bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wá: "Ọmọ lèsí rèé?" Ọmọ ta nìyí. Ta ni ìyá ẹ̀? Ṣé wọ́n ti fún un lóúnjẹ kí wọ́n tó ní kó máa sáré kiri báyìí? Àwọn bọ̀ọ̀dá á ní ah ah, Ìyá, fíìmù ni, àgbàlagbà ni, ẹ̀ ò rí i tó ń bá obìnrin ṣeré? Màámi á ní òun rí i. Àgbàlagbà náà máa ń ní ìyá.

Ìgbà tí ẹ̀rín bá sì pọ̀ jù, torí Weng Weng kì í na ẹnikẹ́ni lójú, abẹ́ ìgbànú àwọn ọ̀tá ló máa ń fún lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ tó nìyẹn, Màámi á gbé ojú le: "Ẹni òòṣà ni o. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì paraku ni Màámi, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá tiẹ̀ kọ́ ọ ò kúrò lára ẹ̀, pé abuké, àfín, àràrá, Ọbàtálá ló mọ wọ́n lọ́tọ̀, tiẹ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ń fi ọwọ́ tó mọ wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni. A máa ń dákẹ́. Tó bá ti padà sí ìdáná, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ Mísítà Jáyáǹtì.

Nínú fíìmù yẹn, èèyàn kì í rí Mr. Giant. Dígí kan ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ń dúró síwájú ẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú lára dígí ọ̀hún, ohùn á máa ti ibẹ̀ jáde, ohùn búburú bẹ́ẹ̀, á máa rán wọn níṣẹ́ ibi. A ó rí ọ̀gá pátápátá yẹn tó bá di ìparí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kásẹ́ẹ̀tì tiwa ò ní ìparí. Kí Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀ tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn àna ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ń ṣòkú lọ́wọ́, fídíò tó ń ya òkú náà ti lo kásẹ́ẹ̀tì tán, ẹnì kan sì wá kásẹ́ẹ̀tì kiri, ó rí èyí tí ò ní páálí nínú báàgì àlejò. Nítorí náà, nínú Weng Weng tiwa, amí ti gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó ti ń fò lọ síbi tí Mísítà Jáyáǹtì fara pamọ́ sí, ìbọn ti ń dún, ọkàn gbogbo wa ti wà lókè, ojú tẹlifíṣàn á kàn funfun, ṣṣṣṣṣ, àpàlà á wọlé. Àpàlà gidi, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé ń jó bọ̀, ọkùnrin sísanra kan ń ná owó fún olórin, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Bó ṣe parí nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i, Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà kẹwàá, a ti mọ ọkùnrin sísanra yẹn bí ẹni mọ ẹbí. Ìgbà ogún, bí ojú tẹlifíṣàn bá ti funfun báyìí, gbogbo pálọ̀ á dìde láti jó.

Ṣùgbọ́n báwo ni Mísítà Jáyáǹtì ṣe ga tó? Ẹ ò lè mọ iye òru tí a lò lórí ìbéèrè yìí. Orúkọ ẹ̀ ni òmìrán, ṣebí òmìrán ló máa jẹ́. Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ní ó ga tó òpó iná, kì í ṣe òpó igi o, òpó kọnkéré, ó ní ìdí tí wọn ò fi gbé e jáde ni pé kò wọ inú kámẹ́rà. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ṣe ìṣirò, ó ní ṣòkòtò ẹ̀ nìkan á gba ọ̀pá aṣọ mẹ́wàá. Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀ tó ti rìn jìnnà ní irọ́ ni, ará Rọ́ṣíà ni ọkùnrin náà, gbogbo fíìmù amí ará Rọ́ṣíà ló máa ń wà lẹ́yìn dígí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní bí Weng Weng ṣe pa á. Ti Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ni mo fẹ́ràn jù: ó ní Weng Weng gba abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá, ó lọ já wáyà áàtì ẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọlẹ̀. Gbogbo ohun tó ga ló ní áàtì nísàlẹ̀, ó ní, ẹni kúkúrú ló máa tètè rí i.

Mo ti ronú lórí ẹ̀ pé kí ló fà á tí a fi fẹ́ràn fíìmù yẹn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé a ò mọ fíìmù. Ọ̀ṣọ̀sà ò jìnnà sí wa, ìlú Hubert Ogunde, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ wo Ayé nígbà tó jáde ní 1979, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun wà níbi tí wọ́n ti ya á. Àmọ́ Ayé pé, gbogbo nǹkan ti wà níbẹ̀, ìwọ kàn máa jókòó kí ẹ̀rù máa bà ẹ́ ni. Ti Weng Weng yìí, owó ò tó, àyè pọ̀ nínú ẹ̀ bí ilé tí wọn ò tíì rẹ́, gbogbo wa la sì rí igun kan tá a lè gbé ẹrù wa sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹni tó bá wà láyé á wálé. Ojúde Ọba ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti gẹṣin tán tí ẹsẹ̀ ti ń dun gbogbo ayé, a padà sí Mólípa. Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀ ti ṣaláìsí. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ojú, Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ti di bàbá arúgbó tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀, fìlà abetí ajá, ó sì ń fi ọ̀pá lọ́wọ́ kan bá ọmọ ọmọ mi lò pé kó má fọwọ́ kan fáànù. Rárá o, ọmọ àbúrò mi ni, mi ò tíì ní ọmọ ọmọ, ẹ má dá mi lágbà. Mo kàn sọ pé ẹ jókòó, mo rí nǹkan kan lórí YouTube. Mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn, mo fi dátà mi jó o.

Ẹ wò ó, wọ́n rántí ẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rántí orúkọ ọmọ wọn lọ. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bá a sọ, pẹ̀lú ohùn ìmú. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ tí ò ríran dáadáa mọ́ ń bi mí pé ṣé a ti débi súùtù. Nígbà tí Weng Weng gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ẹnì kan pariwo "okùn!" fún Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀ tí ò sí níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà sì dáhùn "gáàsì!" láìgbójú sókè. Ó fò, ó fò, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo sì rí i tí àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí fọwọ́ ti ara wọn dìde ní àga, orúnkún ń dún, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ti dá ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń retí àpàlà.

Àpàlà ò wọlé. Fíìmù ń lọ. Wọ́n dúró báyìí pẹ̀lú ọwọ́ lókè bí ẹni tí sójà dá dúró lọ́nà.

Ìgbà yẹn ni Mísítà Jáyáǹtì jáde. Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni. Àràrá bíi Weng Weng náà ni, ó kàn ga jù ú lọ díẹ̀ ni. Èmi ti mọ̀, torí mo ti wò ó tán lémi nìkan ní Èkó, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún wọn, mo fẹ́ rí ojú wọn. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ bi mí pé báwo ló ṣe rí, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀, ó ní ọ̀pá aṣọ mẹ́wàá! Ọ̀pá mẹ́wàá! Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó, ó nu ìgò ojú ẹ̀, ó ní irọ́ ni. Ó ní wọ́n ti yí i. Ó ní gbogbo ohun tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti yí, ojúlówó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Obìnrin tó ń bá Weng Weng ṣe, Irma, kú níbẹ̀ náà. A ò mọ ìyẹn rí. Nínú ti gbogbo wa, wọ́n fẹ́ra wọn.

Màámi wà lórí àga ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó jókòó wò ó tán nígbà yìí torí kò sẹ́ni tó jẹ́ kó wọ ìdáná mọ́. "Wẹ́wẹ́ dà báyìí?" ló bi mí. Mo sì ti mọ èsì ìbéèrè yẹn, torí ẹni kan ti lọ wá a kiri. Andrew Leavold, ará Australia, ṣọ́ọ̀bù fídíò ló ní nígbà kan rí ní Brisbane, Trash Video lorúkọ ẹ̀, oníbàárà bíi tiwa ló ń yá ní kásẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè Màámi gan-an ló ń da òun náà láàmú, pé ọmọ ta nìyí, ló bá gbéra lọ sí Manila, ó ń bi èèyàn léèrè láti ilé dé ilé, ohun tó rí ló fi ṣe The Search for Weng Weng.

Ernesto de la Cruz lorúkọ ẹ̀, 1957 ni wọ́n bí i, ní Baclaran. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ bíi Santo Niño, ère Jésù ọmọdé tí àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ ń bọlá fún, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, àwọn èèyàn á máa rí i bí àmì oríire. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ara mi bù máṣọ. Ẹni òòṣà ni o. Màámi kò mọ ibi tí Baclaran wà, ìyá kan ńbẹ̀ sì ti ń sọ ohun tí òun náà ń sọ. Ní January 1982, Imelda Marcos, ìyàwó ààrẹ wọn, ṣe àpèjọ fíìmù ńláńlá ní Manila láti fi han ayé pé àwọn náà tó bẹ́ẹ̀, fíìmù olówó iyebíye ló fẹ́ kí àwọn oníbàárà òkèèrè rà, àràrá amí ni wọ́n ń du. Wọ́n tà á kárí ayé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé báàgì Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀. Àwọn ẹbí ẹ̀ sọ pé owó tó kan òun fúnra ẹ̀ ò tó nǹkan. Láàárín ọdún díẹ̀ wọn ò wá a mọ́, ó padà sí Baclaran. August 1992 ló kú. Ọmọ ọdún 34 ni.

Èmi máa ń fi í wé Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Akí àti Pọ́ọ̀pọ́ọ̀, àwọn náà, ìrísí wọn la kọ́kọ́ ń wò tá a fi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n dàgbà sínú iṣẹ́ náà, ìjọba gan-an fi oyè dá wọn lọ́lá, tí wọ́n bá bọ́ sójú títì lónìí ọ̀gá ni wọ́n. Weng Weng ò rí ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lò nídìí ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé òkú lèmi ń bá gun ògiri pẹ̀lú agbòòrùn ní 1993. Ó ti tó ọdún kan tó ti kú nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé. Gbogbo ariwo tá a pa, gbogbo òru yẹn. Ṣé a fi ṣẹlẹ́yà ni? Ní òótọ́, ní ìgbà kìíní, ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni, a fi ṣẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ tó fi imú kan tẹlifíṣàn, tó ń wá ibi tí èjìká súùtù yẹn ti pàdé apá. Mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa pe ìyẹn, kì í ṣá ṣe ẹ̀sín.

Mo sọ fún Màámi pé ó ti kú. Ó bi mí pé ní ìgbà wo, mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," lẹ́yìn náà ó ní kí n pa tẹlifíṣàn náà kó fi tutù, ó ti gbóná jù.

Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ló bi mí pé báwo ló ṣe ga tó gan-an, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ní sẹ̀ńtímítà 83. Ó ní òun ò sọ sẹ̀ńtímítà, ínṣì mélòó. Mo fi fóònù ṣírò ẹ̀, ínṣì 33 ni, kò tiẹ̀ pé tán. Ó dákẹ́. Wọ́n ti kun férémù ilẹ̀kùn yẹn lọ́dà ní ẹ̀ẹ̀mejì látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ó dìde, ó na ọwọ́, ó sì fi ìka kan ibẹ̀ láìṣì í.

"Ínṣì kan péré," ló wí. "Gíga bàtà yẹn ni mi ò yọ kúrò."

Ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo ń kó ẹrù sínú mọ́tò kí n lè kọjá Ṣágámù kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, mo rí Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà lórí àga ní fàráńdà pẹ̀lú sukudiráfà lẹ́nu. Ó ti gbé ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ yẹn jáde látabẹ́ ibùsùn, ó ti tú ìdérí ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì AMÍ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ọ̀rá. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yìí ti kú o. Ó ní kí n bá òun ra sípíríìtì kí n tó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò kí mi, kò bi mí nípa iṣẹ́. Ṣṣṣṣṣ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nílẹ̀, àti ohùn ẹ̀ tó ń pariwo lókè gbogbo ẹ̀ pé ṣé mo gbọ́, ó ti gbà, òun sọ fún mi.